Búrẹ́dì aláìní glúténì

Búrẹ́dì aláìní glúténì jẹ́ búrẹ́dì tí kò sí glúténì nínú rẹ̀ rárá, tàbí tí ìwọ̀n glúténì inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n kékeré tí òfin fàyè gbà lọ. Glúténì ni orúkọ tí a ń pe àwọn purotéènì kan tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Dípò àwọn ọkà wọ̀nyí, ìyẹ̀fun ìrẹsì, ọkà bàbà, àgbàdo, jéró, ẹ̀gẹ́, pòtétò tàbí ẹ̀wà ni a máa ń fi ṣe búrẹ́dì yìí. Àwọn tí ó ní àrùn sílíákì ni ó wà fún ní pàtàkì, nítorí pé glúténì a máa ba ìfun wọn jẹ́. Àwọn mìíràn tí ara wọn kò gba àlìkámà náà máa ń jẹ ẹ́.

Ohun méjì ni ó mú kí búrẹ́dì yìí ṣòroó ṣe, tí ó sì mú kí ó ṣòroó rí rà. Èkíní ni pé glúténì gan-an ni ó di búrẹ́dì àlìkámà mú. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, a gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn dípò rẹ̀, kí búrẹ́dì má baà fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí kí ó le bí òkúta. Èkejì ni pé ìwọ̀nba ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀ ti tó láti pa ẹni tí ó ní àrùn sílíákì lára. Nítorí náà, ibi tí a ti ṣe búrẹ́dì náà àti ohun èlò tí a fi ṣe é ṣe pàtàkì bí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì.

Glúténì àti iṣẹ́ rẹ̀ nínú búrẹ́dì

Glúténì kì í ṣe èròjà kan ṣoṣo. Nínú àlìkámà, purotéènì oríṣi méjì, gliadin àti glutenin, ni wọ́n máa ń so pọ̀ mọ́ra nígbà tí a bá da omi sí ìyẹ̀fun tí a sì pò ó. Glutenin ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun pípò máa fà padà bí rọ́bà. Gliadin ni ó ń jẹ́ kí ó lè nà láìjá. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì dà bí àwọ̀n tí ó tàn ká inú ìyẹ̀fun náà. Ìwúkàrà, tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń pè ní yíìsì, a máa jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun, a sì máa tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì dàóksáìdì jáde. Àwọ̀n glúténì ni ó ń há afẹ́fẹ́ yìí mọ́, tí búrẹ́dì fi ń wú. Nígbà tí ooru ààrò bá mú un, àwọ̀n náà a gan, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ṣe sílẹ̀ a sì dúró bẹ́ẹ̀.

Jacopo Bartolomeo Beccari, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ìlú Bologna ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ya glúténì sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹ̀fun àlìkámà. Ó fi omi fọ ìyẹ̀fun pípò títí gbogbo sítáàṣì fi ṣàn lọ, tí ohun kan tí ó ń lẹ̀ tí ó sì ń fà sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ọdún 1745 ni a tẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yìí jáde. Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò nínú ilé ìdáná: bí a bá fọ ìyẹ̀fun àlìkámà tí a ti pò nínú omi, ohun rírọ̀ tí ó máa ń nà yóò ṣẹ́kù. Bí a bá fọ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tàbí ti ìrẹsì bákan náà, kò ní sí ohun kankan tí yóò ṣẹ́kù sọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Búrẹ́dì Agége, tí ó gbajúmọ̀ ní Èkó àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ àpẹẹrẹ iṣẹ́ glúténì tí ó hàn gbangba. Kí wọ́n tó gé ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú páànù, àwọn aṣebúrẹ́dì máa ń tì í gba àárín irin méjì tí ń yí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi dán. Títẹ̀ yìí a máa mú kí glúténì so pọ̀ dáadáa, òun ni ó sì fà á tí búrẹ́dì Agége fi máa ń fà bí òwú nígbà tí a bá ya á. Fífà yìí gan-an ni búrẹ́dì aláìní glúténì kò lè ní bí ti àlìkámà. Èyí tí a bá ṣe dáadáa a máa fúyẹ́, a sì máa rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń súnmọ́ kéèkì ju búrẹ́dì Agége lọ.

Àrùn sílíákì

Àrùn sílíákì jẹ́ àìsàn tí àwọn agbára tí ń dáàbò bo ara fi máa ń dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Nígbà tí glúténì bá wọ inú ẹni tí ó ní i, ìjà náà a máa ba àwọ̀ inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́. Lára àwọ̀ yìí ni àwọn ohun wẹ́wẹ́ bí ìka wà, àwọn ni wọ́n sì ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti pẹlẹbẹ, ènìyàn lè máa jẹun yó kí oúnjẹ náà má sì ṣe é ní àǹfààní.

Lára àwọn àmì rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru, inú wíwú, inú rírun, rírù, àìtó ẹ̀jẹ̀, àárẹ̀ àti egungun tí kò lágbára. Ọmọdé tí ó ní i lè má dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan wà tí inú kì í yọ lẹ́nu rárá, tí ó jẹ́ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò gbóògùn ni dókítà fi ń mọ̀. Àrùn náà a máa rìn nínú ìdílé. Ẹni tí kò bá ní àbùdá tí a ń pè ní HLA-DQ2 tàbí HLA-DQ8 kì í sábà ní i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó ní àbùdá wọ̀nyí ni kì í ṣàìsàn náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí a ti ṣe ìwádìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni ó ní i.

Kò tíì sí oògùn tí ń wo àrùn sílíákì. Ìtọ́jú kan ṣoṣo tí ó wà ni kí ènìyàn yẹra fún glúténì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń ṣe láti mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ni dókítà lè gé ẹ̀yà kékeré lára ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá fura pé òun ní àrùn yìí kò gbọdọ̀ pa àlìkámà tì kí ó tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé bí glúténì bá ti kúrò nínú oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, àmì tí àyẹ̀wò ń wá lè pòórá, àrùn náà a sì farapamọ́.

Àrùn sílíákì yàtọ̀ sí kí ara ènìyàn máa kọ àlìkámà, èyí tí ó lè mú kí ara wú, kí ó máa yún, tàbí kí mímí nira láìpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ ọkà báálì bí ara rẹ̀ bá gbà á. Ẹni tí ó ní àrùn sílíákì kò lè jẹ ẹ́.

Ìtàn

Aretaeus ará Kapadókíà, oníṣègùn tí ó kọ̀wé ní èdè Gíríìkì láyé àtijọ́, ṣe àpèjúwe àìsàn inú kan tí oúnjẹ kì í dà nínú ẹni tí ó ń ṣe. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ikùn ni orúkọ àrùn náà ti wá. Ní ọdún 1888, Samuel Gee, dókítà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ àpèjúwe tí ó kún nípa àrùn náà lára àwọn ọmọdé. Ó sọ pé bí a óò bá rí ìwòsàn fún un, inú oúnjẹ ni yóò ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n Gee kò mọ oúnjẹ tí ó ń fa àrùn náà. Ó ka ìrẹsì àti ìyẹ̀fun àgbàdo léèwọ̀, ó sì fàyè gba búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a yan dáadáa. Ohun tí kò léwu ni ó kọ̀, èyí tí ó léwu ni ó gbà.

Ní ọdún 1924, Sidney Haas, dókítà ọmọdé ní New York, ròyìn pé àwọn ọmọ tí òun fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bọ́ ń gbádùn. Oúnjẹ tí ó là sílẹ̀ kò fàyè gba búrẹ́dì, èyí sì ni ìdí tí ara àwọn ọmọ náà fi ń yá. Àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn ènìyàn rò pé ó ń wo àrùn náà, nítorí náà àwọn kan padà sí jíjẹ búrẹ́dì nígbà tí ara wọn ti le díẹ̀, àìsàn náà sì padà.

Willem-Karel Dicke, oníṣègùn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ni ó tú àṣírí náà. Ó ti ń fura sí àlìkámà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, ìyàn ńlá mú ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà nítorí ogun, búrẹ́dì sì wọ́n gógó. Àwọn ọmọ tí ara wọn le ń rù, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn sílíákì ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì tún dé, àìsàn náà padà sí wọn lára. Dicke tẹ̀lé ọ̀ràn yìí pẹ̀lú àyẹ̀wò, ó sì fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Utrecht ní ọdún 1950. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn lẹ́yìn náà pé glúténì inú ìyẹ̀fun ni ó ń ṣe ibi náà, kì í ṣe sítáàṣì rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wíwá búrẹ́dì tí kò ní glúténì ti di ọ̀rọ̀ ìlera. Ìtẹ̀síwájú pàtàkì kan wá láti ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan ní ìlú Peoria, ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí Allene Jeanes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàwárí gọ́ọ̀mù xanthan. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílò rẹ̀ nínú oúnjẹ ní ọdún 1969.

Àwọn èròjà

Kò sí ìyẹ̀fun kan ṣoṣo tí ó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ àlìkámà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń da oríṣi mẹ́ta pọ̀: ìyẹ̀fun tí ó ní ara, sítáàṣì, àti ohun tí ń dì.

Ìyẹ̀fun tí ó ní ara ni ó ń fún búrẹ́dì ní adùn àti agbára. Lára wọn ni ìyẹ̀fun ìrẹsì, ọkà bàbà, jéró, àgbàdo, ẹ̀wà sóyà, àti tẹ́ẹ̀fù tí wọ́n ń gbìn ní Ẹtiópíà. Buckwheat náà wà lára wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì jọ ti àlìkámà, kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tí kò bá kúnná dáadáa a máa rín bí iyanrìn lẹ́nu.

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ti pòtétò tàbí ti àgbàdo ni ó ń mú kí búrẹ́dì fúyẹ́ kí ó sì rọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, búrẹ́dì a máa fà bí rọ́bà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì máa le ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí ń dì ni ó ń gba ipò glúténì. Kòkòrò àìfojúrí Xanthomonas campestris ni a fi ń ṣe gọ́ọ̀mù xanthan. Díẹ̀ ni a ń lò, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, inú búrẹ́dì a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Psyllium jẹ́ èèpo hóró ewéko Plantago ovata tí a ń gbìn púpọ̀ ní Índíà. Ó máa ń mu omi tí ó pọ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ fíìfíì, a sì di ohun tí ó ki tí ó sì ń nà, èyí tí ó súnmọ́ ìwà glúténì ju àwọn yòókù lọ. Purotéènì inú ẹyin náà máa ń ran dídì yìí lọ́wọ́ nígbà tí ooru bá mú un.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìwọ̀n yìí tó fún búrẹ́dì kan nínú páànù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23:

Ìyẹ̀fun ìrẹsì kíkúnná, gíráàmù 200
Sítáàṣì ẹ̀gẹ́, gíráàmù 150
Ìyẹ̀fun ọkà bàbà, gíráàmù 100
Èèpo psyllium, gíráàmù 20
Ìwúkàrà gbígbẹ, gíráàmù 7
Ṣúgà, gíráàmù 20
Iyọ̀, gíráàmù 8
Ẹyin méjì
Òróró, gíráàmù 30
Ọtí kíkan, ṣíbí kékeré kan
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mìlílítà 400

A óò kọ́kọ́ da psyllium sínú omi, a óò rò ó, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi ki. A óò da àwọn ìyẹ̀fun, ìwúkàrà, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀ nínú abọ́ mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni a óò da psyllium, ẹyin, òróró àti ọtí kíkan sí i, a óò sì fi ṣíbí onígi tàbí ẹ̀rọ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kò nílò kí a tẹ̀ ẹ́ bí ti àlìkámà, nítorí pé kò sí glúténì tí títẹ̀ yóò so pọ̀. Àpòpọ̀ náà yóò rọ̀ ju ìyẹ̀fun búrẹ́dì lásán lọ, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

A óò dà á sínú páànù tí a ti fi òróró pa, a óò fi ọwọ́ tútù tẹ́ ojú rẹ̀, a óò sì bò ó sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó máa ń wú. Ìṣẹ́jú 45 sí 60 máa ń tó, ṣùgbọ́n níbi tí ojú ọjọ́ bá gbóná, ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ni a óò fi wò ó. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí páànù, a óò gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ ti dé 200°C, a óò sì yan án fún ìṣẹ́jú 55 sí 65. Bí a bá ní òṣùwọ̀n ooru, àárín búrẹ́dì tí ó ti jinná yóò dé 96 sí 98°C. A óò yọ ọ́ kúrò nínú páànù, a kò sì ní gé e fún wákàtí méjì ó kéré tán. Sítáàṣì inú rẹ̀ kò tíì gan nígbà tí ó bá ṣì gbóná. Bí a bá gé e, ọ̀bẹ yóò máa lẹ̀, a ó sì rò pé kò jinná.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ẹni tí ó ti mọ búrẹ́dì àlìkámà ṣe máa fi ìyẹ̀fun kún un nítorí pé ó rọ̀. Búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ a máa gbẹ, a sì máa sán. Bí ó bá wú ju bí ó ti yẹ lọ kí ó tó wọ ààrò, àárín rẹ̀ a máa jìn. Bí kò bá pẹ́ tó lórí iná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa rọ̀ kọ̀jọ̀kọ̀jọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí a kò bá fi ohun tí ń dì sí i, yóò fọ́ nígbà tí a bá ń gé e.

Búrẹ́dì yìí máa ń le kíákíá ju ti àlìkámà lọ. Nítorí náà, ó dára kí a gé e ní ọjọ́ tí a ṣe é, kí a kó èyí tí a kò ní jẹ lọ́jọ́ náà sínú fírísà, kí a sì máa yan ègé kọ̀ọ̀kan bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Rírà àti àkọsílẹ̀ ara àpò

Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí a ń pè ní Codex Alimentarius sọ pé oúnjẹ tí a bá pè ní aláìní glúténì kò gbọdọ̀ ní ju mìlígíráàmù 20 glúténì lọ nínú kìlógíráàmù kan. Ìwọ̀n yìí ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, òun náà sì ni àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní ọdún 2013. Ní Bràsíl, òfin ọdún 2003 pa á láṣẹ pé kí gbogbo oúnjẹ inú àpò sọ ní kedere bóyá ó ní glúténì tàbí kò ní. Ní Austrálíà, òfin le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ rí glúténì kankan, a kò sì gbọdọ̀ pe oúnjẹ tí ó ní óòtù nínú ní aláìní glúténì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, a gbà pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní àrùn sílíákì lè jẹ óòtù, bí a bá ti rí i dájú pé kò bá àlìkámà tàbí báálì pàdé láti oko dé ilé iṣẹ́.

Ẹni tí ó ń ra búrẹ́dì gbọ́dọ̀ mọ àwọn orúkọ tí àlìkámà ń jẹ́. Spelt, kamut, durum àti semolina, àlìkámà ni gbogbo wọn. Búrẹ́dì àlìkámà tí a fi ìwúkàrà ìbílẹ̀ mú kan kò bọ́ lọ́wọ́ glúténì, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn kan ń jẹ nítorí ìlera kò bọ́. Ní Yúróòpù, a máa ń rí búrẹ́dì aláìní glúténì tí a fi sítáàṣì àlìkámà tí a ti fọ glúténì kúrò nínú rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó ní àrùn sílíákì lè jẹ ẹ́ bí ó bá wà lábẹ́ ìwọ̀n tí òfin sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ àlìkámà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹra fún un.

Ewu mìíràn ni kí ohun tí kò ní glúténì kó o láti ibòmíràn. Ìyẹ̀fun àlìkámà a máa fò nínú afẹ́fẹ́ ilé ìṣebúrẹ́dì, a sì máa bà sórí ohun gbogbo. Ẹ̀rọ ìlọta ọjà tí ó lọ àlìkámà fún òkèlè láàárọ̀ lè ba ọkà bàbà tí ó lọ lọ́sàn-án jẹ́. Nínú ilé, ẹ̀rọ tí a fi ń yan búrẹ́dì, pákó ìgébúrẹ́dì, asẹ́ ìyẹ̀fun, àti bọ́tà tí ọ̀bẹ búrẹ́dì ti wọ̀ ni ó sábà máa ń fa èyí. Fífọ ohun èlò dáadáa lè tó fún irin àti àwo. Asẹ́ àti ẹ̀rọ ìyanbúrẹ́dì ni ó dára kí wọ́n jẹ́ ti ẹni náà nìkan.

Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà

Àlìkámà kì í ṣe dáadáa ní gúúsù Nàìjíríà, láti òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí orílẹ̀-èdè náà ń lò ti ń wá. Ní ọdún 1987, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, òfin náà sì wà títí di ọdún 1992. Láàárín àkókò náà, àwọn aṣebúrẹ́dì àti onímọ̀ wá ìyẹ̀fun mìíràn kiri. Àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn àti ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí búrẹ́dì tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, a pàṣẹ pé kí ìdá 10 nínú 100 ìyẹ̀fun búrẹ́dì jẹ́ ti ẹ̀gẹ́. Ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan náà gbìyànjú láti gbé e dé ìdá 20.

Ète àwọn ètò wọ̀nyí ni láti dín owó tí ń lọ sí òkè òkun kù, kí àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ sì rí ọjà tà. Wọn kò wà fún àrùn sílíákì. Búrẹ́dì tí ìdá 10 tàbí 20 rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́, ìdá 90 tàbí 80 rẹ̀ ṣì jẹ́ àlìkámà. Glúténì kún inú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí ó ní àrùn náà fi ẹnu kàn án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni orúkọ tí a fi ń polówó rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára àpò fi hàn pé a ti forúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò ní glúténì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ ṣe búrẹ́dì aláìní glúténì nílé gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ohun tí a ń ṣe láti ara rẹ̀. Láfún àti gaàrí ti kan, adùn wọn kò bá búrẹ́dì mu. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan ni a nílò: èyí tí a bó, tí a fọ̀, tí a rin, tí a fún omi rẹ̀, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kíákíá lẹ́yìn tí a wú u lóko.

Búrẹ́dì àti oúnjẹ ìbílẹ̀ tí kò ní glúténì

Kí ọ̀rọ̀ glúténì tó jáde ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe búrẹ́dì láìlo àlìkámà. Ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní Bràsíl, sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ẹyin àti wàrà dídì ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì kékeré olóbìírí tí wọ́n ń pè ní pão de queijo. Ní Ẹtiópíà, tẹ́ẹ̀fù ni wọ́n fi ń ṣe injera, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń da báálì mọ́ ọn. Ní Fẹnẹsúẹ́là àti Kòlóḿbíà, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe arepa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ oúnjẹ àárọ̀ ni kò ní glúténì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀kọ, ògì, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, dùndú. Acarajé tí wọ́n ń tà ní Bahia, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá àkàrà, ẹ̀wà náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Àmàlà, iyán, ẹ̀bà àti fùfú náà kò ní i. Sẹ̀mó ní i, nítorí pé àlìkámà ni. Àkàrà tí a bá dín nínú òróró tí a ti fi dín púpúù kì í ṣe ohun tí ó yẹ fún ẹni tí ó ní àrùn sílíákì mọ́, nítorí pé àlìkámà ni a fi ń ṣe púpúù.

Ìlera àti iye owó

Ọ̀pọ̀ búrẹ́dì aláìní glúténì tí a ń tà kò ní purotéènì àti fáíbà tó ti àlìkámà, nítorí pé sítáàṣì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin ní kí a fi fítámì àti irin kún ìyẹ̀fun àlìkámà. Ìyẹ̀fun mìíràn kì í sábà ní àfikún yìí. Fífi ọkà bàbà, jéró tàbí ẹ̀wà sóyà dípò díẹ̀ nínú sítáàṣì lè dín àlàfo náà kù. Fún ẹni tí kò ní àrùn sílíákì, tí ara rẹ̀ sì gba àlìkámà, kò sí ẹ̀rí pé búrẹ́dì yìí ṣe ara lóore ju búrẹ́dì lásán lọ.

Iye owó rẹ̀ ga ju ti búrẹ́dì lásán lọ níbi púpọ̀. Àwọn èròjà rẹ̀ wọ́n, ìwọ̀nba ni a ń ṣe, àyẹ̀wò rẹ̀ ń náni lówó, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni a sábà máa ń lò fún un. Nítorí pé oúnjẹ yìí ni ìtọ́jú àrùn náà, àwọn ìjọba kan máa ń ran aláìsàn lọ́wọ́. Ní Ítálì, ìjọba máa ń fún àwọn tí ó ní àrùn sílíákì ní owó ìrànwọ́ oṣooṣù fún oúnjẹ aláìní glúténì. Ní Ẹ́ńgílándì, dókítà lè kọ búrẹ́dì àti àpòpọ̀ ìyẹ̀fun fún aláìsàn bí ẹni kọ oògùn, ṣùgbọ́n láti ọdún 2018 ni a ti yọ àwọn oúnjẹ aláìní glúténì yòókù kúrò nínú ètò náà, àwọn agbègbè kan kò sì fún ẹnikẹ́ni ní búrẹ́dì mọ́. Níbi tí kò bá sí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ìbílẹ̀ tí kò ní glúténì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ àti búrẹ́dì tí a fọwọ́ ara ẹni ṣe nílé ni ó ń dín ìnáwó kù jù lọ.